Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn èéfín, lójú ọ̀nà tí mo ti ń sáré ní Èkó

Aṣọ ìnujú funfun kan ni ó sún mi dé ìdí ẹ̀rọ yìí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sáré ní ìdájí, láti Gbàgádà títí dé Oworonshoki, níbi tí afárá Third Mainland ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó ṣẹ́rí padà wálé, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé kò sí ohun mìíràn tí mò ń kó wọ ara ju ìlera lọ. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo délé, mo fun imú sínú aṣọ náà, ohun tí ó jáde sì dúdú bí ìdí ìkòkò orí ààrò. Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Dọlápọ̀, ṣé eré ni ẹ lọ sá ni, àbí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ni ẹ ti ń bọ̀?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi. Èyí tí imú rí gbá mú ni a rí nínú aṣọ. Èyí tí ó bọ́ mọ́ imú lọ́wọ́ ńkọ́, ibo ni ó gbà lọ?

Ẹ̀rọ tí mo rà láti fi wádìí rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná mẹ́ta tí a tò léra lọ, kò sì wúwo tó fóònù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, ó ná mi ní 45,000 náírà pẹ̀lú owó ẹni tí ó gbé e wá. N kò ní dárúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, nítorí irú kan náà ni ó kún ọjà lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi, tí ó jẹ́ pé àwọ̀ ike rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀, ohun tí mo bá sì sọ nípa tèmi yóò bá ọ̀pọ̀ nínú wọn mu. Fáànù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ náà á gba iwájú iná léésà kọjá, eruku tí ó bá wà nínú rẹ̀ á mú kí iná náà fọ́n káàkiri, ojú kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì ka bí ó ṣe fọ́n tó. Ẹni tí ó bá ti rí bí oòrùn ṣe ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí eruku sì ń jó nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ti mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe.

Eruku tí ó ń wá ní pàtàkì ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5, ìyẹn ègé tí ìbú rẹ̀ kò ju ìdá méjì ààbọ̀ lọ bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Bí a bá to ogún nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, agbára káká ni wọn yóò fi kájú ìbú irun orí kan. Máíkírógíráàmù, ìyẹn ìdá kan bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ni a fi ń wọ̀n ọ́n, nínú afẹ́fẹ́ tí ó kún àyè kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò yẹ kí ó ju 5 lọ bí a bá ṣírò ti ọdún kan pọ̀, kò sì yẹ kí ó ju 15 lọ láàárín ọjọ́ kan. Ti àtẹ̀yìnwá, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2005, jẹ́ 10 àti 25. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 sọ pé ti Èkó wà ní 68. Mo ti ka òǹkà yìí nínú ìwé ìròyìn rí, ó sì gba etí mi kọjá bí ariwo agbèrò; ìgbà tí mo rí irú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí mo so mọ́ apá ara mi ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀rọ̀ mi.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹni tí ń sáré ju ẹni tí ó jókòó lọ, nítorí ìdí náà ni mo fi ń dá ẹ̀rọ yìí lẹ́jọ́. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń fa afẹ́fẹ́ bíi lítà mẹ́fà sí mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí eré bá wọ̀ ọ́ lára, ó lè di ìlọ́po mẹ́wàá, ti àwọn ògbóǹtarìgì asáré sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo èéfín tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà sì ń bá a wọlé ni. Kì í ṣe pé ó pọ̀ nìkan. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé náà ń yí padà. Ẹni tí ń mí jẹ́jẹ́ ń fi imú mí, irun àti ikun imú sì ń ṣe asẹ́ fún un, ṣùgbọ́n bí eré bá le, ẹnu ni gbogbo wa ń là sílẹ̀, kò sì sí asẹ́ kankan ní ẹnu. Eruku tí ó tóbi á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, ara á sì fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tì í jáde, ṣùgbọ́n PM2.5 kéré débi pé ó ń bá èémí lọ tààrà sí àwọn àpò tín-tìn-tín tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń mú kí ara wú, kí ọ̀nà èémí fún, kí àyà sì máa há. Èyí tí ó kéré jù lọ nínú rẹ̀ lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tí a jọ ń sáré. Ní London, wọ́n kó ọgọ́ta àgbàlagbà tí ó ní asthma jọ, wọ́n ní kí wọ́n rìn fún wákàtí méjì ní Oxford Street, níbi tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì àti takisí tí ń lo dísẹ́lì ni ó kún ibẹ̀, kí wọ́n sì tún rìn fún wákàtí méjì ní ọjọ́ mìíràn nínú ọgbà Hyde Park. Èsì rẹ̀ jáde ní 2007: afẹ́fẹ́ tí wọ́n lè fi agbára tú jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan dínkù tó ìdá 6.1 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ti Oxford Street, ti ọgbà náà kò sì tó bẹ́ẹ̀. Rírìn ni wọ́n rìn o. Kò sí ẹni tí ó sáré nínú wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni mo fi sá ọ̀nà mi àtijọ́ láìyí ohunkóhun padà, ẹ̀rọ náà wà ní apá òsì mi. Ní àdúgbò wa, kí n tó jáde sí títì, ó sábà máa ń fi nǹkan bíi 40 hàn. Bí mo bá ti dé etí títì márosẹ̀ tí ó ti Òṣòdì wá, á gun 70, á gun 90, bí tírélà kan bá sì kọjá tí ó tú èéfín dúdú sílẹ̀, á fò kọjá 200 kí ó tó máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí ó ṣe ń yára wálẹ̀ bí mo bá ti yà kúrò níbẹ̀. Òpópó kan wà tí ó ń bá títì náà lọ ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, ilé méjìlá ni ó wà láàárín wọn (mo kà á), síbẹ̀ òǹkà ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti iwájú ilé mi. Nítorí pé ọ̀dà etí títì tẹ́jú ni mo ṣe ń sá ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tí mo pa òpópó yẹn tì nítorí kòtò mélòó kan. Fún ìmọ̀ yìí nìkan, owó mi ti padà sápò.

Ibi tí òǹkà ti ga jù lọ kì í ṣe ẹ̀yìn tírélà. Ní ibùdókọ̀ kan ní Oworonshoki, ìyá alákàrà kan máa ń dá iná igi ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà láti aago márùn-ún ààbọ̀, ibẹ̀ sì ni mo máa ń dúró sí láti mí kí n tó yí padà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń dúró síbẹ̀ láti mí! Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà débẹ̀, mo tú u kúrò lápá, mo nà án síwájú, òǹkà rẹ̀ kọjá 400, ìyá náà sì fi ìfura wò mí. “Bọ̀dá, fọ́tò ta ni ẹ ń yà?” Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe fọ́tò. Èéfín ni mò ń wọ̀n.” Ó yí àkàrà inú epo padà, ó wúkọ́, ó ní, “Èéfín? Ó dáa. Kóńgò mélòó ni kí n bá yín dì?” Mo ra àkàrà 500 náírà, mo sì kọjá sí òdìkejì títì lọ jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ mi kò ní ohunkóhun láti sọ fún ẹni tí ń dúró nídìí iná bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ ju ohun tí ikọ́ rẹ̀ ti sọ fún un lọ.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ó dà mí láàmú jù. Gbogbo àwọn tí a jọ ń sáré ni ó gbà pé ìdájí ni afẹ́fẹ́ ń mọ́ jù, èmi náà sì ti fi èyí gba àwọn ẹlòmíràn níyànjú. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí òru bá tutù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á tutù ju ti òkè lọ, kò ní lè gòkè, atẹ́gùn kò sì ní fẹ́ láti gbé e lọ, nítorí náà èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ó fi gbogbo òru ṣiṣẹ́ àti ti pàǹtí tí àwọn kan dáná sun ní alẹ́ á wà nílẹ̀ bí ẹni pé a fi ọmọrí dé e. Àwa tí a ń jáde ní aago márùn-ún ni a ń lọ ṣí ìkòkò náà. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, òǹkà aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí atẹ́gùn òkun bá ti ń fẹ́, kò tó ìdajì ti ìdájí. N kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa sáré nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ooru ní ewu tirẹ̀, òṣìṣẹ́ kò sì lè ráyè. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo gbé eré gígùn mi sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní etí ọ̀sà nínú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, níbi tí atẹ́gùn ti ń ti ojú omi wá, mo sì fi àárọ̀ sílẹ̀ fún èyí tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, n kì í wo aago rárá. Bàtà ni mò ń wá.

Àwọn kan yóò ní kí ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù èéfín wọ jíìmù lọ. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ọ̀kan tí mo ti san owó oṣù mẹ́ta fún, tí n kò ní dárúkọ. Yàrá rẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń dán, ó ń ta sánsán. Nígbà tí iná wà, ẹ̀rọ mi fi 25 hàn, inú mi sì dùn. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá òǹkà ti di 110, nítorí pé abẹ́ fèrèsé tí àwọn ẹ̀rọ tí a ń sáré lórí wọn kọjú sí gan-an ni ẹnu èéfín jẹnẹrétọ̀ náà wà. Mo fi han ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bójú tó wa níbẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ló ní wàhálà. Ṣebí AC ń ṣiṣẹ́.” Ṣùgbọ́n AC kì í ṣe asẹ́ fún irú eruku yìí. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lára ògiri wa kàn ń yí afẹ́fẹ́ inú yàrá po ni, tí ó ń mú un tutù, èéfín tí ó bá ti wọlé á sì máa bá a yí po nínú òtútù.

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ àbùkù tí ó tóbi jù lára ohun tí mo rà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe eruku nìkan. Gáàsì carbon monoxide wà nínú rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó lé ní igba ju bí oxygen ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, débi pé ẹni tí ń sáré á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ní rí ohun tí ó tó láti gbé lọ fún ẹsẹ̀ àti ọkàn. Ojú tí ń wo eruku kò lè rí gáàsì. Bí yàrá kan bá kún fún carbon monoxide, tí eruku ibẹ̀ sì mọ níwọ̀n, iná àwọ̀ ewé ni ẹ̀rọ yìí yóò tàn, bí ẹni pé ewu ti kọjá lọ. Kò rí nitrogen dioxide náà, èyí tí ó máa ń wá láti inú dísẹ́lì tí ó sì ń ta ọ̀nà èémí. Àkọlé ara páálí rẹ̀ sọ pé ó ń ṣọ́ gbogbo afẹ́fẹ́ inú ilé fún ìdílé; irọ́ ni, mo sì rò pé irọ́ tí ó lè pa ènìyàn ni, nílùú tí àwọn kan ti ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn.

Àwọn àbùkù yòókù kò tó èyí, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣi ẹni lọ́nà. Bí kùrukùru bá wà ní ìdájí, ẹ̀rọ náà á ka omi tín-tìn-tín inú rẹ̀ mọ́ eruku: ní àárọ̀ kan nínú oṣù Kẹrin, lẹ́yìn òjò òru, ó fi 180 hàn nígbà tí afẹ́fẹ́ mọ́ débi pé mo ń gbọ́ òórùn ilẹ̀. Òdìkejì èyí ni ti ọyẹ́. Púpọ̀ nínú eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀, títí kan ti agbègbè Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ni ó tóbi ju èyí tí ojú ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n kà dáadáa, nítorí náà òǹkà rẹ̀ lè máà ga tó bí ó ti yẹ ní ọjọ́ tí eruku bo ojú gíláàsì mọ́tò pátápátá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi í sínú àpò ṣòkòtò, tí òǹkà rẹ̀ dára, tí mo ń yin ara mi pé mo ti rí ọ̀nà tí ó mọ́, kí n tó mọ̀ pé aṣọ ni ó dí ihò rẹ̀. Aládùúgbò mi ra irú rẹ̀. A gbé méjèèjì sórí tábìlì kan náà fún odidi ìrọ̀lẹ́, tirẹ̀ sì ń fi nǹkan bíi 12 ga ju tèmi lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí fi yé mi pé a kò lè fi òǹkà rẹ̀ jẹ́rìí bí ẹni ń fi òṣùwọ̀n ilé ẹjọ́ jẹ́rìí. Ohun tí ó ṣeé gbára lé ni kí a fi ẹ̀rọ kan náà wé ibì kan pẹ̀lú ibòmíràn, ní ọjọ́ kan náà.

Ó tún yẹ kí olùrà mọ̀ pé òǹkà méjì ni ó wà lójú rẹ̀. Èyí ńlá ni AQI, òṣùwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó, èyí kékeré ni máíkírógíráàmù, 35 lórí èyí kékeré sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 100 lórí èyí ńlá. Ọ̀rẹ́ mi kan ti fi èyí ńlá wé òṣùwọ̀n 15 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì fẹ́ kó kúrò ní Èkó ní alẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo òǹkà tí mo ti mẹ́nu bà lókè, èyí kékeré ni. Bátìrì rẹ̀ kì í kọjá wákàtí márùn-ún bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó tà á fún mi sọ pé mẹ́wàá ni, n kì í sì í lè ka ojú rẹ̀ nínú oòrùn.

Ṣé kí a wá fi eré sílẹ̀ ni? Dókítà kan bi mí bóyá mo ń gbèrò bẹ́ẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún mi. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge darí ní 2016 ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà: bí PM2.5 ìlú kan bá tó 100 ní ìṣirò ọdún, ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá wákàtí kan ààbọ̀ lójúmọ́ ni ìpalára rẹ̀ ti ń ju èrè lọ. Ní ìlú tí ó mọ níwọ̀n, èrè ni ó borí. Ìṣirò ọdún kan ni wọ́n lò, kì í ṣe ti ìṣẹ́jú tí tírélà kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ń sá ogún ìṣẹ́jú nínú àdúgbò rẹ̀ kò ní ìdí láti jókòó sílé, ẹni tí ó sì ní asthma ní láti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí oògùn tí ó ń fà sẹ́nu má sì jìnnà sí i. Haile Gebrselassie, asáré ọmọ Ethiopia, tí òun ni ó di àmì-ẹ̀yẹ eré tó yára jù lọ lágbàáyé nínú máratọ́ọ̀nù mú nígbà náà, ní asthma, ó sì kọ̀ láti sá máratọ́ọ̀nù ìdíje Olympic ní Beijing ní 2008 nítorí afẹ́fẹ́ ìlú náà. Eré 10,000 mítà ni ó sá níbẹ̀. Kò fi eré sílẹ̀, ó kàn dín àkókò tí yóò fi mí afẹ́fẹ́ náà kù ni. Mo ti gbìyànjú ìbòmú N95 náà. Ó ń sẹ́ eruku lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ, òógùn ti rin ín, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu bí ewé mọ́ín-mọ́ín, mo sì yọ ọ́. Fún rírìn, ó dára. Ìbòmú aláṣọ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bí wọ́n bá ní kí n fún ẹ̀rọ yìí ní máàkì, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni. Ẹni tí ó ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta tí ó lè yàn láàárín wọn yóò jèrè rẹ̀ láàárín oṣù kan, lẹ́yìn náà ó lè yá ẹlòmíràn, nítorí ohun tí ó ní láti sọ kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní, ní wákàtí kan ṣoṣo, ìbànújẹ́ ni yóò fi 45,000 náírà rà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, fáànù tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin tí ó há sínú ìgò; mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọmọ fi ń kun ọ̀dà gbá ihò rẹ̀, eruku dúdú jáde, ó sì dákẹ́. Bí ó bá kú, n óò ra òmíràn, ṣùgbọ́n èyí tí ó mọ carbon monoxide ni, ara ògiri ilé ni n óò sì kàn án mọ́.